Ìwẹ̀ Tí Kò Lómi

Dókítà ní kí n lọ wẹ̀ nínú igbó.
Èmi náà ká táwẹ̀lì, mo di ọṣẹ sínú ọ̀rá,
mo wọ bọ́ọ̀sì láti ibi iṣẹ́ òru,
ojú mi pọ́n bí ata ṣọ̀ǹbọ̀.
Lẹ́nu ọ̀nà igbó Ecclesall, ní Sheffield,
obìnrin kan tó ń jẹ́ Glenys wo báàgì mi,
ó rọra rẹ́rìn-ín:
"Kò sí omi níbẹ̀, arábìnrin mi.
Igbó fúnra rẹ̀ lomi."
Mo ní ó dáa.
Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní, Òyìnbó tún dé.

A jẹ́ mẹ́jọ. Ọkùnrin kan wà tí ìyàwó rẹ̀ kú lóṣù Ṣẹ́rẹ́,
ọmọdébìnrin kan tó ti fi eyín jẹ èékánná rẹ̀ tán.
A pa fóònù, a tò ó sínú apẹ̀rẹ̀
bí ẹyin tí a ò fẹ́ kó pa.
Glenys ní ká má rìn bí ẹni tó ń lọ síbì kan:
"Ẹ rìn bí ẹni tó ti débẹ̀."
Ẹsẹ̀ mi ò mọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀.
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń sáré
láti ìdí bẹ́ẹ̀dì kan dé ìdí bẹ́ẹ̀dì kejì,
aago ìpè ń lé mi lẹ́yìn.

Ó ní kí kálukú yan igi kan, kó dì mọ́ ọn.

Bàbá mi, onígi gẹdú ni, ní ìhà Oǹdó.
Kò sí igi tó wò rí tí kò fojú là sí pátákó.
Èmi lọmọ tó ń bá a di orí okùn mú
bó bá ń wọn ìdí ọ̀mọ̀, ìdí afàrà.
Igbó tiwa, ariwo ẹ̀rọ ni, òórùn epo,
ìyẹ̀fun igi nínú ẹ̀wà wa.
Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí pé igi ń mí.

Mo na apá mi mọ́ igi óòkù kan.
Èèpo rẹ̀ sán bí gìgísẹ̀ àgbà nígbà ọyẹ́.
Ọwọ́ mi ò bi mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n.
Nígbà tí Glenys bi wá ní ohun tí a gbọ́,
ẹnì kan ní àlàáfíà. Ẹnì kan ní òun gbọ́ ọkàn òun.
Mo ní, "Pátákó mẹ́rìndínlógójì,
bí a bá mọ̀ ọ́n là."
Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín,
àfi bí ẹ̀rín ṣe há mi lọ́fun,
tí nǹkan mìíràn gba ojú mi jáde.

Bàbá, ẹ wò ó o.
Ẹ wo èyí tí ẹ ò là.

Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú ò sọ nǹkan kan.
Ó kàn nawọ́ sí táwẹ̀lì tó wà lọ́rùn mi.
Àṣé n ò gbé e wá lásán.

A dùbúlẹ̀ lórí ewé gbígbẹ.
Oòrùn ń kán sórí wa, ẹyọ kan, ẹyọ kan, bí owó wẹ́wẹ́.
Ẹyẹ kékeré kan ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ
bí ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ní ìṣirò.
Mo ní kí n kàn dijú fún ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tí mo lajú, wọ́n ti lọ mu tíì.
Glenys nìkan ló jókòó tì mí,
aṣọ òjò rẹ̀ wà lára mi.
Wákàtí méjì! Irú oorun tí n kò sùn láti Kérésì.
Ó ní, "O hanrun o."
Mo ní, "Ẹ̀rọ ìlagi bàbá mi nìyẹn."

Lóru ọjọ́ Ajé, mo rí ewé kan tó lẹ̀ mọ́ táwẹ̀lì.
Mo gbé e fún Ìyá Ollerenshaw, yàrá kẹsàn-án,
ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́.
Ó gbóòórùn rẹ̀ títí. Ó wò mí.
Ló bá jù ú sẹ́nu!
Mo sáré yọ ọ́, mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń rẹ́rìn-ín.
Aago ìpè ń ké lọ́dẹ̀dẹ̀.
Mo jẹ́ kó ké fún ìmí mẹ́ta péré.
Lẹ́yìn fèrèsé, igi kan ṣoṣo tó wà níbi ìgbọ́kọ̀sí
ń mí pẹ̀lú wa.